Ìpolówó Púpurú Lójú Fèrèsé Ìdánwò

Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kò kú, kò sì sá kúrò nílùú. Ó wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ fún yín. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹ rín in dáadáa, àmọ́ kí ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín gbé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ lọ. Catherine ni kí ẹ máa pè é.

Catherine ni ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, abúlé kékeré kan tó yà kúrò ní ọ̀nà Ìlútítun. Òrùlé ilé ìwé náà ń jò débi pé bí òjò bá ti ṣú, kálukú ọmọ ti mọ ibi tí òun máa sún sí, kò dìgbà tí tíṣà bá sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni Catherine fúnra rẹ̀ ti kọ́ ìwé kíkà. Níbẹ̀ náà ló fẹ́ ti fẹ̀yìn tì.

Ìgbà tí àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ dé ni wàhálà dé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ tún àwọn ilé ìwé rẹ̀ tò, gbogbo ọmọ tó bá wà ní kíláàsì karùn-ún sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kan náà, ìbáà jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ inú igbó. Ilé ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá yege, a ó fi í sílẹ̀. Èyí tó bá fìdí rẹmi, a ó tì í pa, a ó sì da àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ilé ìwé tó bá sún mọ́ wọn jù.

Ilé ìwé tó sì sún mọ́ Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù ni ti Òkè-Odò.

Ẹ má bi mí pé kí ló burú nínú ìyẹn. Odò kan ló là wọ́n láàárín lóòótọ́, afárá onígi ló sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju odò lọ. Àwọn ará Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ará Òkè-Odò kò mọ púpurú ṣe. Púpurú, fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jẹ ẹ́ rí, gbágùúdá ni a ń rẹ, tí a ń mọ róbótó, tí a ń yan lórí iná kí a tó rò ó di òkèlè. Ẹni tí kò bá tíì fi ọbẹ̀ màrúgbó jẹ ẹ́ kò tíì dé Ìkálẹ̀, ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Kí ọmọ Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn tí kò mọ púpurú ṣe?

Catherine pe ìpàdé àwọn òbí. Zacchaeus tó ń kọ ẹyìn, tí í ṣe alága wọn, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹni tí kò bọ́ adìẹ ló fẹ́ wá wọ̀n ọ́n yìí," ló wí. "Ṣọ́ọ̀kì, wọn ò fún wa. Tíṣà, wọn ò fún wa. Ìdánwò ni wọ́n rántí."

Catherine ka díẹ̀ fún wọn lára àpẹẹrẹ ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀kan níbẹ̀ ní kí ọmọ mú orúkọ àtẹ̀gùn tó máa ń fúnra rẹ̀ gbé èèyàn gòkè. Zacchaeus ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà.

"Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo," ló wí, "àtẹ̀gùn wo ló fẹ́ gbé ta ni lọ síbo?"

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Irewọlé nìkan ni kò bá wọn rín in. Tíṣà kékeré tí àwọn òbí fúnra wọn háyà ni, òun ló sì ń mú kíláàsì karùn-ún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ìbéèrè yẹn ò bá wa mu, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìṣirò àti ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, a sì ti ń kọ́ wọn. Bí a ò bá dán wọn wò, báwo la ṣe máa mọ ibi tó kù sí? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbìyànjú."

Ni àríyànjiyàn bá bẹ́. Àwọn kan ní òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Àwọn kan ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ìkà ni. Ìyá kan ní òun kò mọ èyí tó dára níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òun kò ní gorí afárá onígi lásìkò òjò. Nígbà tí ìyá yẹn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n wá yíjú sí Catherine, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ló wà."

Ẹ̀rù ba Catherine. Kò gbà gbọ́ pé àwọn ọmọ yẹn lè yege, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Vivian, obìnrin Ìlàjẹ tó ti etí òkun wá ta ẹja gbígbẹ ní Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kò padà lọ mọ́. Ohùn ni Ọlọ́run fi ta Vivian lọ́rẹ. Bí ó bá polówó ẹja níhìn-ín, ará Òkè-Odò á ti máa wá abọ́.

"Ìyá Jésùtómi," Vivian pè é níbi tí wọ́n jókòó sí nídìí àtẹ ẹja rẹ̀, "kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

Catherine sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí ni wọ́n máa kọ níbẹ̀ gan-an?"

"Wọn ò ní kọ nǹkan púpọ̀. A, B, C tàbí D ni wọ́n máa mú nídìí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan."

"A, B, C, D lásán? Kí ẹnì kan ṣáà sọ ọ́ fún wọn."

"Ta ló máa sọ ọ́, níṣojú ẹni tí wọ́n rán wá láti Àkúrẹ́?"

Vivian wo ẹja iwájú rẹ̀ títí, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Ẹ ra ẹja o." Ó yíjú wo Catherine. "Ta ló máa mú ẹni tó ń kiri ọjà?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni Catherine wí, ó sì dìde kíá. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lọ sílé ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ń di "bóyá," kó sì tó kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ti di "púpurú ni A."

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Púpurú ni A. Epo ni B. Gààrí ni C. Ẹja ni D. Ìpolówó kan, ìdáhùn kan, wọn á máa tẹ̀ léra láti ìbéèrè àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Catherine á jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìbéèrè kan tó bá ṣẹ́ kù. Vivian á wá sójú fèrèsé ẹ̀yìn, á gba ìdáhùn kan, á yípo lọ síwájú kíláàsì, á polówó rẹ̀, á tún padà wá gba òmíràn. Oúnjẹ ni wọ́n yàn nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń kiri nílẹ̀ wa tó wọ́pọ̀ tó o. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ wọn nínú débi pé wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Catherine ní kí Irewọlé lọ máa mú kíláàsì kejì, òun fúnra òun ni yóò múra àwọn ti karùn-ún sílẹ̀. Bí àkókò ìṣirò ṣe di àkókò ìpolówó nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé á dúró síta lójú fèrèsé, á gbé abọ́ lérí, á ní, "Ẹ ra gààrí o," àwọn ọmọ inú kíláàsì á sì dorí kodò, wọn á kọ C.

Lọ́jọ́ kan, Àìná, ọmọ Zacchaeus, na ọwọ́ sókè.

"Mà, tí mo bá mọ ìdáhùn rẹ̀ fúnra mi ńkọ́?"

"Èyí tí o bá gbọ́ ni kí o kọ."

"Tí èyí tí mo gbọ́ bá wá yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀ ńkọ́, mà?"

"Àìná, jókòó."

Àìná jókòó.

Ẹ̀kọ́ náà wọ àwọn ọmọ lára ju bí Catherine ṣe rò lọ. Zacchaeus ti oko dé, ó bi Àìná pé kí ni wọ́n máa jẹ.

"A ni, Bàámi."

"Kí la máa fi jẹ ẹ́?"

"D ni, pẹ̀lú B díẹ̀."

Zacchaeus jẹun tán, inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ sọ fún gbogbo èèyàn níbi tí wọ́n ti ń fún epo pé ọmọ òun ti ń fi òyìnbó jẹun. Nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ka orúkọ àwọn tó mú ẹrù wá. Bí wọ́n ti ní ìdílé kan mú gààrí wá ni àwọn ọmọ kùn "C" pa pọ̀ ní ìsàlẹ̀ ohùn, bí wọ́n sì ti dárúkọ epo, wọ́n tún kùn "B." Pásítọ̀ gbà pé ìsọjí ti dé sáàárín àwọn èwe, ó sì gba àdúrà àkànṣe fún ọ̀gá wọn. Catherine ṣe "àmín," ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè.

Ìwé ìdánwò kò dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n ní ó di ọ̀la.

"Ọ̀la mà lọjọ́ ọjà," Vivian rán an létí. "Ojú fèrèsé yín yẹn náà sì ni àwọn ọlọ́jà ń gbà."

"Wọ́n á ti kọjá tán kí ẹni náà tó dé," ni Catherine wí.

Ẹni náà dé lórí ọ̀kadà, ó de táì mọ́rùn, àpò ìdánwò wà ní àyà rẹ̀. Benedict lorúkọ rẹ̀. Yorùbá inú ìwé ló ń sọ, kò sì rẹ́rìn-ín sẹ́nikẹ́ni.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Àkúrẹ́ lẹ ti ń bọ̀?"

"Àkúrẹ́ ni."

Ọkàn Catherine balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ará Àkúrẹ́, iyán ni tiwọn, kí ló kàn wọ́n kan púpurú? Ẹ ẹ̀ wá rí nǹkan. Nílẹ̀ wa, a kì í bi àlejò pé níbo ló ti ń bọ̀ kí a sì dákẹ́. A máa ń bi í pé ọmọ ibo ni, ọmọ ta ni, agbo ilé wo. Catherine tó máa ń bi àwọn ọlọ́kadà pàápàá kò bi ọkùnrin yìí. Ká ní ó bi í ni, ì bá gbọ́ pé Ìgbòtakò ni wọ́n ti bí i, pé púpurú ni ìyá rẹ̀ yan títí ó fi jáde ilé ìwé, pé ó ti pẹ́ tó ti jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, àti pé kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

Catherine ti rán Irewọlé lọ ra ṣọ́ọ̀kì ní Ìlútítun kí ó má bàa rí ohunkóhun. Ibà ń ṣe ọmọ kan, kò wá, nítorí náà ìwé ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Catherine ní òun á bá wọn tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé e wọ ọ́fíìsì. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ra epo o!"

Àwọn ọmọ dorí kodò, wọ́n kọ ọ́.

"Ẹ ra ẹja o!"

Wọ́n kọ ọ́.

"Ẹ ra púpurú o!"

Àwọn ọmọ kọ ọ́, Benedict sì dá itọ́ mì.

Bí Vivian ṣe ń yí ilé ìwé ká nìyẹn. Bó bá kọjá lọ, á tún yọ, ọjà mìíràn á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Benedict kọ́kọ́ rò pé obìnrin mẹ́ta ni, àfi ìgbà tó wo aṣọ rẹ̀ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ní kí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ọkàn ń sọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe púpurú ló ń tún táì rẹ̀ fà.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Nínú ọ́fíìsì, Catherine ti ń wo ara rẹ̀ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì.

Ibẹ̀ ni Susan yọ sí lójú ọ̀nà ọjà. Olóúnjẹ ni Susan, ẹni tó bá sì ti jẹ púpurú rẹ̀ ní ọjà Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jẹ ti ẹlòmíràn mọ́. Oorun ti gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wá ń yára. Ó gbọ́ ohùn Vivian, ó dúró.

"Ìyá Ìdára, ṣé púpurú ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ yìí?"

"Susan, máa lọ. Má dá mi dúró."

"Ẹja ni mo mọ̀ mọ́ ẹ. Ṣé ẹja ò tà mọ́ ni? Kí ló kan ìwọ kan púpurú? Mo tún gbọ́ epo!"

"Ṣé ìwọ lo ni epo ni?"

"Tó bá dọ̀la, wàá ta gààrí!"

Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ ń kọ ọ́ bọ̀: A, D, D, A, B, B, C. Ọmọ kan ń gbọn ọwọ́ nù nítorí ìjà náà yá ju bíírò rẹ̀ lọ.

Catherine gbọ́ ọ láti inú ọ́fíìsì, ó di orí mú. Gbogbo ìdáhùn ti kúrò nílé ara wọn. Kò lè jáde, kò sì lè kígbe. Bí Vivian bá tún polówó ẹyọ kan sí i báyìí, kò sẹ́ni tó mọ ìdí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Benedict dìde. Àwọn ọmọ rò pé ó fẹ́ lé àwọn obìnrin náà lọ. Ó dé ojú fèrèsé, Yorùbá inú ìwé sì ṣí kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fi Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé bèèrè èwo ló ní púpurú nínú àwọn méjèèjì.

Vivian fẹ́ bo àṣírí. "Tèmi ti tán, sà."

"Ó ti tán? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ polówó rẹ̀ tán báyìí?"

"Bó ṣe tán gan-an nìyẹn."

"Ta ló rà á?"

Vivian wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ewúrẹ́ kan ló wà nítòsí.

Benedict na ọrùn wo inú abọ́ náà. Òkúta kan ló wà níbẹ̀, èyí tí Vivian fi sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé abọ́ lọ.

"Òkúta lẹ ń tà?"

Mi ò mọ ohun tí ì bá tún bèèrè, ṣùgbọ́n Susan, ẹni tí kì í fi oníbàárà ṣeré, ti ṣí kúlà rẹ̀. Òórùn màrúgbó gba ojú fèrèsé wọlé. Benedict gbàgbé òkúta.

"Ẹ fún mi ní púpurú méjì," ló wí.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú kíláàsì, ó gbọ́ tí bíírò dún lórí ìwé.

"Kí ẹ fi ẹja sí i."

Bíírò tún dún.

"Epo inú ọbẹ̀ yìí mà dára o."

Bíírò dún.

Benedict yí padà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọmọ inú kíláàsì ló ń wò ó lẹ́nu, bíírò wà lókè, wọ́n ń retí.

"Ẹja," ló wí jẹ́jẹ́.

Gbogbo orí lọ sílẹ̀, gbogbo orí padà sókè.

"Gààrí."

Orí lọ sílẹ̀, orí padà sókè.

Ó ronú díẹ̀. "Ẹran."

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọ̀kan wo òrùlé. Níkẹyìn, Jùwọ́nlọ́lá tó jókòó níwájú na ọwọ́ sókè.

"Sà, ẹran ò sí níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Púpurú, epo, gààrí àti ẹja nìkan ni Mà kọ́ wa, sà."

Bó ṣe ń kà wọ́n lọ́wọ́, àwọn tó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yé jù nínú kíláàsì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: A, B, C, D.

Wọ́n pe Catherine. Ó jáde wá pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rántí gbé e sílẹ̀.

"Mísíìsì," Benedict wí, "kí ni púpurú?"

"Oúnjẹ ni, sà."

"Nínú ìdánwò tèmi yìí ńkọ́?"

Catherine wo Vivian. Vivian wo òkúta rẹ̀.

"A ni, sà."

Susan ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo kúlà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi púpurú rẹ̀ jẹ́rìí ní kóòtù. Ojú ti Catherine, ó tì í gidi. Níṣojú àwọn ọmọ tó kọ́ ni wọ́n ti ń bi í léèrè bí ọmọ tó jí ẹran inú ìṣaasùn. Ìtìjú náà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń bínú.

"Ẹ fún wa ní ìdánwò kan náà, sà, ẹ ò fún wa ní tíṣà kan náà. Ẹ wo òrùlé wa. Ẹ bi ọmọ tí kò rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí léèrè ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tó ń rìn. Tí wọ́n bá ti ibí yìí pa, afárá onígi yẹn ni wọ́n máa máa gùn nínú òjò. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Benedict wo òrùlé náà. Ó wò ó pẹ́.

"Òótọ́ lẹ sọ, màá sì kọ ọ́ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ yìí tí ẹ ní wọn ò mọ̀ ọ́n, ìgbà wo lẹ bi wọ́n?"

Catherine na ìwé ìbéèrè ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Benedict gba gbogbo ìwé wọn, ó sì mú òmíràn jáde nínú àpò, èyí tí wọ́n fi pamọ́ nítorí ibi tí òjò bá ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ó ní kí àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù níbi tí òun ti lè máa rí wọn. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa dárúkọ oúnjẹ kankan.

"Èyí tí ẹ rà ńkọ́, sà?" Susan bèèrè.

"Ẹ bá mi dé e. Ẹ má dárúkọ rẹ̀."

Ó pín ìwé tuntun náà fún àwọn ọmọ. Ó wá kù ká rí ẹni tó máa kọ nǹkan. Ni Àìná bá na ọwọ́ sókè.

"Sà, ṣé a lè kọ èyí tí a mọ̀ báyìí?"

"Èyí tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kọ."

Àìná dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Catherine gbọ́ ìbéèrè náà láti abẹ́ igi, ó sọ fún wa pé bí wọ́n bá fún òun ní ìwé ìbáwí tó kún àpò, kò lè dun òun tó ìyẹn. Ó fi ìborùn bojú, ó sunkún. Vivian fẹ́ tù ú nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀rọ̀.

Nígbà tí èsì dé, Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gba ipò kìíní, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n yege. Ìṣirò ló fẹ́ fà wọ́n sẹ́yìn, Irewọlé sì mọ̀dí: àkókò tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọ ni wọ́n fi polówó gààrí. Ilé ìwé dúró. Benedict kọ ọ̀rọ̀ òrùlé sínú àbọ̀ rẹ̀ bó ṣe ṣèlérí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ púpurú mọ́ ọn. Wọ́n tètè dáhùn èyí tó jẹ mọ́ púpurú. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, páànù kò tíì dé.

Wọ́n yọ Catherine nípò ọ̀gá, wọ́n sì gbé e lọ ṣe tíṣà kíláàsì ní ibòmíràn. Ẹ ti mọ ibẹ̀. Òkè-Odò ni.

Obìnrin tí kò fẹ́ kí ọmọ kankan gorí afárá onígi wá di ẹni tó ń gùn ún láràárọ̀, bàtà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọnmi létí odò á rí i, wọn á ní, "Ẹ ra púpurú o!" Ó ní òun ti gbìyànjú títí kí òun má dáhùn, ṣùgbọ́n ètè òun á ṣáà ní, "A."

Kò pẹ́ tó dé ibẹ̀ ni ìdánwò ti ọdún mìíràn tún ń bọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé Òkè-Odò, Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀, fà á sí kọ̀rọ̀.

"Mísíìsì Catherine, a gbọ́ pé ẹ ní ọgbọ́n kan lọ́wọ́."

"Ọgbọ́n wo, mà?"

"Ẹ má fi pa mọ́ fún wa." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "A ti mọ ibi tí tiyín ti bàjẹ́. Ẹran ni ẹ ò fi kún un."

Catherine wò ó. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún fẹ́ sunkún. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n mọ̀, mà."

Ó wọ kíláàsì lọ, ó kí àwọn ọmọ, ó sì bi wọ́n ní ohun tí kò bi àwọn ti Igbó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí.

"Ẹ sọ fún mi, kí lẹ mọ̀?"